Wúrà Tí Wọ́n Ní Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní sùkúù, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ sí ara yín létí bí mo bá ti ń kọjá ní ọjà Ìpàta, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, àwọn ẹlòmíràn ti bá mi sọ ọ́ tó. Ẹ jẹ́ kí èmi tó ṣẹlẹ̀ sí fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lónìí.

Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń tètè já ni mí. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi láti ẹ̀yìn, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ rò ni pé mo ti ṣẹ̀. Mo sì máa ń ṣàlàyé ju bó ti yẹ lọ, nítorí mo gbà pé bí ènìyàn bá ti gbọ́ àlàyé tán, kò ní í bínú mọ́. Ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀? N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Nígbà tí mo jáde sùkúù, reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin ni. Gbogbo wa la rò pé iṣẹ́ akọ̀wé ti ń dúró dè wá. Irọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, níbi tó ti ń mọ ìkòkò, ni mo jókòó sí, mo ń bá a po amọ̀, pẹ̀lú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí mi. Bàbá Ràmátù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ń hun aṣọ ní Pákátà. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní, "Yáháyà, o kéwú, o sì kàwé, ó dára. Ṣé ìwé náà ni ọmọ mi yóò máa sè jẹ?" Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì.

Torí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé òyìnbó kan tó ń wá wúrà kiri ń fẹ́ ògbufọ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbọ́ Yorùbá, tó sì gbọ́ Tápà díẹ̀, mo sáré lọ. Tápà ni ìyá ìyá mi, èdè rẹ̀ kò ṣòro fún mi. Òyìnbó gbà mí. Bàbá Ràmátù ní bí mo bá ṣe iṣẹ́ náà tí mo padà pẹ̀lú orúkọ rere, òun yóò so yìgì wa. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbé sọ́kàn lọ sínú igbó nìyẹn: kí n lọ, kí n padà, kí orúkọ mi má bàjẹ́.

Ibẹ̀ jìnnà. Ó kọjá Láfíàgì, lẹ́yìn náà ni a wọ inú igbó, títí a fi dé etí odò kékeré kan tí n kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ṣé ẹ rò pé bí wúrà ṣe ń dán létí ìyàwó ọ̀ṣìngín ló ṣe ń dán nínú ilẹ̀? Rárá o. Kòtò ni a ń gbẹ́, òmíràn lẹ́yìn òmíràn, láti etí odò lọ sí abẹ́ òkè. A ó gbẹ́ títí a ó fi kan òkúta wẹ́wẹ́. A ó ru ú lọ sínú omi, a ó dà á sínú igbá, a ó máa yí igbá náà gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tó wúwo tó rì sísàlẹ̀ ni a ń wá. Omi yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ, yóò ku yanrìn dúdú. Nínú yanrìn dúdú náà, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó rí ohun pupa rúsúrúsú kan tí kò ju ojú èèrà lọ. Òyìnbó yóò fi ṣónṣó ìyẹ́ adìẹ mú un, yóò sọ ọ́ sínú ìgò. Bí kò bá sí nǹkan kan, a ó fi kòtò náà sílẹ̀ ní yíyanu, a ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Inú omi ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wà láti òwúrọ̀. Awọ ọwọ́ wọn á hunjọ bíi ti arúgbó. Jìgá ń jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa, eṣinṣin igbó ń ta wá lẹ́yìn ọrùn. Ọ̀kan nínú wa kú níbẹ̀, ibà ló pa á. Nígbà tí a gbẹ́ sàréè rẹ̀ tán, òyìnbó pè mí, ó ní kí n bi àwọn tó gbẹ́ ẹ bóyá wọ́n kan òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Mo bi wọ́n. Iṣẹ́ mi ni. Wọ́n wò mí, wọ́n kẹ́yìn sí mi, inú mi sì bàjẹ́ débi pé n kò lè jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Olójú-ológbò ni a ń pe òyìnbó náà láàrin ara wa. Kì í pariwo. Ohùn kan náà tó fi ń bèèrè omi tíì náà ni yóò fi pàṣẹ pé kí wọ́n na ènìyàn. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kì í pariwo kì í ṣe ìkà. Ẹ ò rí i pé ọmọdé ni mí?

Fọ́máànù wa, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ni Bàbá Jímọ̀, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sùn nínú àgọ́ kan náà ni Gàníyù, aláwàdà. Òfin òyìnbó ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ dé ẹnu, imú tàbí etí rẹ̀ nítòsí omi tí a ti ń fọ yanrìn, nítorí àwọn kan máa ń gbé wúrà mì. Èmi ni mo túmọ̀ òfin yìí fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Jímọ̀ á máa ya ẹnu wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gàníyù máa ń sọ pé, "Bí bàbá yìí bá tún ti ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ìka yẹn ni màá gbé mì, kí gbogbo wa lè sinmi."

Nítorí òfin yìí, a kì í ṣe àlùwàlá létí odò. Ẹnu àgọ́ ni a ti ń ṣe é, pẹ̀lú omi inú bútà.

Ìgbà tí ààwẹ̀ dé, òyìnbó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í mu omi, ó bi mí ìdí rẹ̀. Inú mi dùn pé ó bèèrè. Ẹ mọ̀ mí, mo jókòó, mo sì ṣàlàyé dé gbòǹgbò. Mo sọ fún un nípa sààrì àti ìṣínu. Mo ní láti ìgbà tí àsùbáà bá ti mọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀, ohunkóhun kì í wọ ẹnu wa, ì báà ṣe ẹ̀kán omi kan. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kó lè yé e. Ó mi orí, ó ní òun ti gbọ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ?

Nínú ààwẹ̀ náà ni kòtò kan fún wa ní wúrà tó tó hóró àgbàdo. A kò rí irú rẹ̀ rí. Òyìnbó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó pe gbogbo wa kí a wá wò ó. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ kí n mọ bó ṣe wúwo tó, ó gbà á padà, ó sì gbé e wọ àgọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wà létí odò, mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàrin òyìnbó àti àwọn ará abúlé kan tó wá bèèrè ìgbà tí a ó dí àwọn kòtò tó wà nínú oko wọn. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Nígbà tí òyìnbó padà sí àgọ́, àkókò ìrun alásárì ti fẹ́ lọ lọ́wọ́ mi. Àgọ́ jìnnà. Mo sì rò ó pé àwọn tó ń fọ yanrìn ni òfin yẹn wà fún. Èmi kì í fọ yanrìn, ògbufọ̀ ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ létí omi, mo fọ ọwọ́ mi, mo bu omi sẹ́nu, mo tu ú dànù, lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa. Mo parí àlùwàlá, mo kírun, mo sì dìde.

N kò tíì dé àgọ́ tí òyìnbó fi jáde wá sọ pé òun kò rí wúrà náà mọ́.

Ó kó gbogbo wa jọ. Ó wo Bàbá Jímọ̀, ó ní kí n sọ fún un pé bí wúrà náà kò bá jáde, fọ́máànù ni yóò dáhùn fún un. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ojú Bàbá Jímọ̀ yí padà. Ó wò yíká, ojú rẹ̀ sì bà lé mi.

Ó ní, "Sọ fún un pé mo rí alákọ̀wé létí omi. Ó ń fi ọwọ́ bu nǹkan sẹ́nu. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Mo ní, "Bàbá Jímọ̀, àlùwàlá ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àlùwàlá ni."

"Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ. Túmọ̀ rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi fúnra mi ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán fẹ̀sùn kan ara mi. Ó lè yà yín lẹ́nu pé n kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ̀rù ló bà mí, bẹ́ẹ̀ sì ni mo tún gbà lọ́kàn pé òtítọ́ á gbà mí là.

Òyìnbó bi mí bóyá ọjọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo purọ́ fún òun, tàbí ìsinsìnyí ni mo ń purọ́. Ṣebí èmi ni mo sọ pé ẹ̀kán omi kan kì í wọ ẹnu wa lọ́sàn-án? Kí ni ọwọ́ mi wá ń wá lẹ́nu?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Mo ní omi àlùwàlá kì í dé ọ̀fun. Mo ní mímu omi ló ń ba ààwẹ̀ jẹ́, fífọ ẹnu kì í bà á jẹ́. Mo ṣàlàyé ti imú, mo ṣàlàyé ti etí, òógùn bò mí. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ojú rẹ̀ ń dà bí ojú ẹni tó ń gbọ́ irọ́ tó gùn. Ó ní kí n bi Bàbá Jímọ̀ bóyá odò ni a ti ń ṣe àlùwàlá wa. Mo bi í.

Bàbá Jímọ̀ ní, "Rárá. Bútà ni a fi ń ṣe é, lẹ́nu àgọ́."

Òótọ́ ni. Kò parọ́ kankan mọ́ mi. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n fi pa mí.

Wọ́n sọ̀ mí sínú ọ̀kan nínú àwọn kòtò tí kò ní nǹkan nínú. Ó jìn ju orí mi lọ. Òyìnbó ní kí wọ́n gbé epo kan wá, epo tó ki bí oyin, tó ń rùn, tí wọ́n fi ń mú ènìyàn yàgbẹ́. Oòrùn kò tíì wọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ṣínu ná, kí n mu ún lẹ́yìn màgàríbì, màá mu ún tán láìjanpata. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dá mi lóhùn pé wúrà kì í dúró de màgàríbì. Bàbá Jímọ̀ àti ẹlòmíràn di ẹnu mi mú, wọ́n da epo náà sí i. Ààwẹ̀ mi bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n bọ́ aṣọ lára mi níwájú Ọlọ́run.

N kò ní í sọ gbogbo ohun tí epo yẹn fi mí ṣe. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé lójú gbogbo wọn ni, àti pé àwọn ará abúlé mú ọmọ wọn wá wòran. Òyìnbó jókòó lórí àga rẹ̀ lókè kòtò, ó ń mu tábà. Ó ní kí wọ́n máa kó ohun tó bá jáde lára mi lọ sínú omi, kí wọ́n fọ̀ ọ́ nínú igbá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fọ yanrìn. Gàníyù ló yàn. Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń fi ọwọ́ bọ abọ́ kan náà nígbà ìṣínu.

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ó rọra sọ pé, "Alákọ̀wé, bí mo bá rí i, ṣé kí n fi tìrẹ pa mọ́ fún ọ?" Mo rò pé àwàdà ni. Mo tilẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Gàníyù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wàláhì, kò sí."

Ó ní, "Ó dáa. Má sọ fún mi."

Wọ́n tún da epo náà sí mi lẹ́nu ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde nígbà tó yá. Gàníyù fọ ẹ̀jẹ̀ náà.

Ìgbà tí wọ́n fi fà mí jáde, n kò lè dúró. Òyìnbó pè mí sí àgọ́ rẹ̀. Ó nawọ́ sí orí tábìlì. Àbẹ́là tó ń tàn níbẹ̀ ti yọ́ sórí abọ́, wúrà náà sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó wà nínú ìda rẹ̀ bí kòkòrò. Ibẹ̀ ló gbé e sí fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Kò ní kí n má bínú. Ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ sínú ìgò, ó sì ní kí n jáde lọ sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ti rí i, àti pé òfin kò yí padà.

Ẹ fojú inú wò mí. Aṣọ mi rí bí ó ti rí, mo di òpó àgọ́ mú, mo sì ń ṣe ògbufọ̀. Mo ní, "Òyìnbó ní òun ti rí wúrà náà. Inú àgọ́ òun ló wà. Ó ní òfin kò yí padà."

Wọ́n ń wo ara wọn. Ta ló tún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀? Èmi nìkan ni. Òyìnbó kò fi wúrà náà hàn wọ́n. Ó ti padà sídìí tíì rẹ̀.

Gàníyù ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Ìwọ lo sọ pé ó sọ bẹ́ẹ̀." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Jímọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tọ̀ mí wá lẹ́yìn náà, ó gbé omi fún mi, ó ní, "Má bínú, àbúrò mi. Bí kì í bá ṣe ìwọ, èmi ni." Ó rò pé ìyẹn ti tó. Bóyá ó tó. N kò mọ̀.

Bí mo ti lè gbé ẹsẹ̀ ni mo kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn ń rìn kíákíá, ṣe ni mo ń jókòó sinmi lójú rẹ̀. Ohun tó ń gbé mi rìn ni pé mo mọ́, pé wọ́n ti rí wúrà wọn, pé mo ń padà pẹ̀lú orúkọ tí mo gbé lọ.

Gàníyù ti ṣáájú mi délé. Òyìnbó rán an wá ra iyọ̀ àti ìrẹsì ní Ìpàta. Ó jókòó láàrin àwọn alápatà, ó sọ ìtàn náà fún wọn, ó sì dùn, torí pé Gàníyù mọ ìtàn sọ. Ó ní òun fọ, òun fọ, òun kò rí nǹkan kan. Inú alákọ̀wé yìí le ju àpótí irin lọ. Nígbà tí mo fi wọ ìlú, gbogbo Ìlọrin ló ti mọ̀ pé mo gbé wúrà òyìnbó mì, mo sì gbé e bọ̀.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ wá nìyí: inú wọn dùn sí mi. Àwọn àgbàlagbà tí kì í dá mi lóhùn ń kí mi kú oríire. Ẹnì kan ní mo gbẹ̀san fún gbogbo ìlú. Bí mo bá ní n kò mú nǹkan kan, wọn á ṣẹ́jú sí mi, wọn á ní bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí n máa wí.

Bàbá Ràmátù fúnra rẹ̀ wá kí mi. Ó ní kí a so yìgì náà lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ òótọ́. Kò sí wúrà kankan lọ́wọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gbá mi léjìká, ó ní òun mọ̀ pé mo gbọ́n.

Ọdún ìtúnu kọjá. Bàbá Ràmátù kò rí wúrà. Ó tún wá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ahun, ẹni tó ní nǹkan tí kò lè fi gbé ojú àna rẹ̀ sókè. Mo búra fún un. Ó ní kí n má fi ẹnu tí mo fi gba ààwẹ̀ búra èké. Ràmátù ti wà nílé ọkọ báyìí, ní Ọ̀fà. Nítorí pé n kò jalè ni mo ṣe pàdánù rẹ̀. Ṣé irú èyí wà níbòmíràn?

Ìyá mi kò sọ nǹkan kan ní gbogbo ìgbà yìí. Ó ń se omi gbígbóná fún mi, ó ń se ẹ̀kọ tí inú mi lè gbà. Mo rò pé òun nìkan ló gbà mí gbọ́, ìyẹn sì ni mo fi ń mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń dán ìkòkò, mo jókòó tì í. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Yáháyà, n kò ní kí o fún mi níbẹ̀. N kò tilẹ̀ ní kí o fi hàn mí. Ṣùgbọ́n kí o máa fi pa mọ́ fún èmi pẹ̀lú? Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Mo ya ẹnu láti ṣàlàyé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, àlàyé kò wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, mo sì mọ̀ pé kò dùn: òtítọ́ kì í gba ẹnikẹ́ni là bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Òyìnbó kò fẹ́ ẹ, torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti tó o láti fi mú mi. Àwọn ènìyàn mi kò fẹ́ ẹ, torí irọ́ náà dùn mọ́ wọn ju òtítọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde sùkúù, tí ẹ fẹ́ lọ ṣe ògbufọ̀ fún àwọn tó ń wá wúrà kiri, ẹ má ṣe kánjú ṣàlàyé ara yín fún ẹni tó di ẹ̀mí yín mú. Ìdáhùn kúkúrú ni kí ẹ fún un.

Bí wọ́n bá ti fi ohun tí ẹ kò ṣe yìn yín rí, tàbí tí ẹ ti jìyà láìṣẹ̀ tí ará ilé yín kò gbà yín gbọ́, ẹ wá sọ fún mi, tàbí kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. N kò ní í bi yín bóyá òótọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́: kí lẹ sọ fún ìyá yín?